Stephen Jay Gould: iye iṣẹ́ tó kọ, àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí i

Ọmọ New York ni Stephen Jay Gould. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2002. Onímọ̀ fọ́sìlì ni, ìyẹn àwọn tó ń wádìí egungun àti ìkarawun ẹ̀dá àtijọ́ tó ti di òkúta. Láti 1967 títí tó fi kú, Yunifásítì Harvard ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé dáínósọ̀ bàǹtàbanta inú fíìmù ló ń wá kiri o. Ìgbín ni! Ìgbín erékùṣù Bermuda àti Bahamas.

Mo mú un torí pé púpọ̀ nínú yín ló wà ní yunifásítì báyìí, ẹ sì ń gbọ́ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń fi iye ìtọ́kasí wọn ṣe fáàrí. Mi ò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé mi lára rẹ̀ bíi ti Gould.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye iṣẹ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Michael Shermer, jókòó kà á: ìwé 22, àpilẹ̀kọ ìmọ̀ 479, àyẹ̀wò ìwé 101, àti àròkọ 300. Inú ìwé ìròyìn Natural History ni àwọn àròkọ yẹn ti jáde, láti oṣù kìn-ín-ní 1974 dé oṣù kìn-ín-ní 2001, kò pa ìtẹ̀jáde kankan jẹ. Ní 1982, wọ́n bá jẹjẹrẹ kan nínú ikùn rẹ̀, èyí tí ìdajì àwọn tó ń ní in kì í lò ju oṣù mẹ́jọ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i. Ó lo ogún ọdún sí i, ó sì ń kọ lọ.

Kíka iye ìtọ́kasí wá ńkọ́? Eugene Garfield ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi nígbà tó gbé Science Citation Index jáde ní 1964. Ní 2005, onímọ̀ físíìsì kan, Jorge Hirsch, mú h-index wá. Kò le rárá: tó o bá ní àpilẹ̀kọ 10 tí wọ́n ti tọ́ka sí ìkọ̀ọ̀kan wọn nígbà 10 ó kéré tán, h-index rẹ ti di 10. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan péré bá ní ìtọ́kasí 5,000, tí àwọn yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 1 ni tìrẹ. Ẹ ò rí nǹkan!

Ibi tí ọ̀rọ̀ Gould ti dùn nìyí. Ní 1971, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Niles Eldredge, tó ń wo fọ́sìlì trilobite, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà Evolution. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀dá kan lè wà bákan náà fún mílíọ̀nù ọdún, kí ìyípadà wá dé lójijì, kó sì tún dúró sójú kan. (Lójijì lójú òkúta ni o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni.) Ariwo rẹ̀ ò pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ kọ ọ̀rọ̀ kan náà, Gould sì fún un lórúkọ: punctuated equilibria. Orúkọ yẹn ló gbé e fò. Ìtọ́kasí ya dé bí òjò. Bẹ́ẹ̀, orí kan nínú ìwé ni, kì í ṣe àpilẹ̀kọ inú jọ́nà. Ẹ̀rọ tó bá ń ka jọ́nà nìkan kò ní rí i rárá.

Ti 1979 tún yàtọ̀. Òun àti Richard Lewontin kọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì San Marco ní Venice, nípa àlàfo onígun mẹ́ta tó máa ń yọ láàárín àwọn ọ̀wọ́n tí wọ́n tẹ̀ láti gbé òrùlé róbótó ró. Ẹni tó rí ère tí wọ́n yà síbẹ̀ á rò pé torí ère ni wọ́n ṣe ṣí àlàfo náà sílẹ̀. Irọ́ ni, ilé náà kò lè dúró láìsí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara ló ní iṣẹ́ kan tó torí rẹ̀ yọ. Kò sí fọ́sìlì tuntun kankan nínú àpilẹ̀kọ yẹn, síbẹ̀ ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí.

Ìtọ́kasí kì í sì í ṣe oríyìn. Ìwé rẹ̀ ti 1981, The Mismeasure of Man, kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n, torí ó ta ko àwọn tó ń wọn agbárí láti fi sọ pé ọpọlọ ẹ̀yà kan kéré sí ti òmíràn. Ó ní Samuel Morton, tó kó agbárí jọ ní Philadelphia láyé àtijọ́, jẹ́ kí ẹ̀tanú yí òǹkà rẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan tún agbárí wọ̀nyẹn wọ̀n, wọ́n ní ìwọ̀n Morton dáa, Gould ló ṣì í. Àwọn mìíràn tún dìde gbèjà Gould. Lójú ẹ̀rọ, ìtọ́kasí ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó bú u, 1, ẹni tó yìn ín, 1. Lójú tèmi, ìyà lèyí fi ń jẹ ẹni tó bá gbà pé òǹkà nìkan tó.

Tí ẹ bá wá wo àwọn àpilẹ̀kọ tí òun àti David Woodruff kọ lórí ìgbín Cerion, iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn kiri Bahamas ṣe, ìtọ́kasí wọn kò dé ẹsẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì Venice.