Ọ̀nà Ojú Irin Àtijọ́ láti Bristol dé Bath

Ọ̀nà ojú irin Bristol sí Bath ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tí a fi ọ̀dà tẹ́, tí gígùn rẹ̀ tó máìlì 13, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ipa ojú irin tí ó dé Bath ní ọdún 1869. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ èrò dẹ́kun níbẹ̀ ní ọdún 1966, tí a sì hú irin náà kúrò, ẹgbẹ́ Cyclebag, tí a dá sílẹ̀ ní Bristol ní ọdún 1977, tí ó sì di Sustrans lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, tún ipa náà ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1979 títí di 1986. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, àwọn tó kọ́kọ́ la ipa rẹ̀ ti gé òkè, wọ́n ti dí kòtò, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò la abẹ́ ilẹ̀ kọjá ní Staple Hill, tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó àti ọmọdé fi lè gbà á láìmí hẹlẹ. A kì í wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀.

Ti ojú irin àtijọ́ tó gba Àgbàdo kọjá, nítòsí Èkó ní Nàìjíríà, yàtọ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò níbẹ̀: ojú irin tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ti ní ojú irin tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2021, láti ọdún 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń ti Àgbàdo kó èrò lọ sí Oyíngbó ní Èkó.