Louis Ignacio-Pinto, Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé

Nínú àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó yẹ kí a rántí ní àsìkò júbílì yìí, a kò gbọdọ̀ gbàgbé Louis Ignacio-Pinto, ẹni tí a bí ní ìlú yìí ní ọdún 1903. Orúkọ ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn orúkọ tí àwọn Àgùdà gbé bọ̀ láti ilẹ̀ Brasil. Nítorí wọn ni àwa Yorùbá ṣe ń pe Ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí náà wà nínú wọn.

Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Faransé, ó di agbẹjọ́rò, ó sì ṣojú Dàhòmì ní ilé aṣòfin àgbà ní Paris títí di ọdún 1955. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì gbà wá wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó di ikọ̀ wa ní New York. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà wá bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà níwájú Àjọ náà ní ọdún 1965. Orílẹ̀-èdè kékeré ni wá. Kí ni ikọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́, bí kò ṣe òfin àti ẹnu tí ó mọ̀ ọ́n sọ?

Ní ọdún 1970 ó di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ 15 ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kò tíì yọ́ sí ilé-ẹjọ́ náà nígbà náà, nítorí pé ní ọdún 1966 ó ti da ẹjọ́ tí Ethiopia àti Liberia pe Gúúsù Áfíríkà lórí Namibia nù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1971, adájọ́ 13 sí 2 sọ pé jíjókòó Gúúsù Áfíríkà sórí Namibia lòdì sí òfin. Ọmọ Àjàṣẹ́ wà lára àwọn 13. Adájọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Faransé wà lára àwọn 2.

Ẹjọ́ ọdún 1973 ni ó le jù. Australia àti New Zealand pe ilẹ̀ Faransé lẹ́jọ́ nítorí àdó olóró átọ́míìkì tí ó ń dán wò lójú òfuurufú Òkun Pàsífíìkì. Faransé kọ̀, kò yọjú. Adájọ́ 8 sí 6 ní kí ó dáwọ́ dúró ná. Ignacio-Pinto wà lára àwọn 6. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lòdì sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ náà kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni lè béèrè bóyá ọjọ́ tí ó ti lò ní Paris ni ó fà á. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé Faransé kì bá ti dìbò bí ó ti dìbò ní ọdún 1971.

Láti ọdún 1976, òun àti Taslim Elias, ọmọ Èkó, jọ jókòó níbẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ wa ti yí padà sí Benin ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, nígbà tí ó wà ní Hague. Sáà rẹ̀ parí ní ọdún 1979, ó sì kú ní ọdún 1984.