Ogún Fíìmù Nínú Kámẹ́rà Dígítà

Bí ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà bá dé ìdí àtẹ, iye megapixel ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni bí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, ìyẹn ègé ṣílíkọ́nù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, tó rọ́pò fíìmù, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ti fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lórúkọ: full frame, APS-C, Four Thirds, oní-ínǹṣì-kan. Ẹni tó gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lè rò pé ńṣe làwọn onímọ̀ jókòó ṣírò ìwọ̀n tó bá àwòrán mu jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjogúnbá ni wọ́n, láti ọ̀dọ̀ fíìmù sinimá, ìgò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti fíìmù kan tí kò pẹ́ láyé. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn, orúkọ lásán ni yóò máa sanwó lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú full frame, tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń lé kiri. Mìlímítà 36 ni ní ìbú, 24 ní òró. Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Leitz ní ìlú Wetzlar, Jámánì, ló fi ìwọ̀n yìí ṣe kámẹ́rà ní nǹkan bí ọdún 1913 sí 1914. Fíìmù sinimá tó wà nílẹ̀ ló lò, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 35, tí ihò wà létí rẹ̀ méjèèjì. Àwòrán sinimá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 18 sí 24, nítorí pé òkè sí ìsàlẹ̀ ni fíìmù ń gbà kọjá. Barnack dá fíìmù náà sí ìbú, ó so àyè àwòrán méjì pọ̀, 24 sí 36 sì jáde. Nígbà tí kámẹ́rà náà bọ́ sọ́jà lọ́dún 1925 pẹ̀lú orúkọ Leica, kámẹ́rà kékeré ni wọ́n kà á sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lo gíláàsì àti fíìmù fífẹ̀. Kékeré ọjọ́ náà ló di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìyókù lónìí, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ 33 sí 44 tó jù ú lọ wà nínú kámẹ́rà Fujifilm GFX.

Ti oní-ínǹṣì-kan ló yà mí lẹ́nu jù. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, ṣùgbọ́n ẹ mú rúlà, ẹ wọn sẹ́ńsọ̀ náà láti igun dé igun: nǹkan bíi mìlímítà 16 péré lẹ máa bá, torí pé 13.2 sí 8.8 ni. Níbo ni ìyókù wọlẹ̀ sí? Láyé ọdún 1950 sókè, àwọn kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń lo ìgò gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní vidicon. Ìta ìgò náà ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀, ojú yìí kò sì ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìta lọ. Ìgò ti kógbá sílé, ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lára páálí kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni APS-C: fíìmù APS tí Kodak, Fujifilm, Canon, Nikon àti Minolta gbé jáde lọ́dún 1996 ló fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ. Sẹ́ńsọ̀ APS-C ti Canon àti ti Nikon kò tilẹ̀ dọ́gba.

Àwọn kan á ní owó ló pín ìwọ̀n wọ̀nyí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtàn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣe ń tóbi sí i ni iye tí wọ́n lè gé lára àwo ṣílíkọ́nù kan ń dín kù, àbùkù bíńtín sì lè ba odindi sẹ́ńsọ̀ ńlá jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ iṣẹ́ sórí ṣílíkọ́nù kì í sábà lè tẹ ju 26 sí 33 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà apá-apá ni wọ́n ń tẹ 24 sí 36. Nikon D1 ọdún 1999 lo sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i. Ọdún 2002 ni Canon EOS-1Ds gbé odindi 24 sí 36 dé. Ṣùgbọ́n owó kò sọ ìdí tí wọ́n fi ń lépa 24 sí 36, dípò 25 sí 32 tí ẹ̀rọ wọn ì bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́ńsì ni ìdí: báàgì àwọn onífọ́tò ti kún fún lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n Barnack. Four Thirds tí Olympus àti Kodak dìídì gbé kalẹ̀ fún dígítà, tí Olympus E-1 fi jáde lọ́dún 2003, gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ogún yìí. Síbẹ̀, ínǹṣì 4/3 tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ìgò tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ni.

Ẹlòmíì á bi wá pé, tó bá jẹ́ àjogúnbá lásán ni, kí ló tún kàn wá nínú ìwọ̀n? Orúkọ àti ààlà wọn la jogún. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sí nínú ogún. Ojú full frame jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 864, ti oní-ínǹṣì-kan jẹ́ 116, ti oní-ínǹṣì 1/2.3 tó pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà kékeré sì jẹ́ nǹkan bíi 28. Bí ojú lẹ́ńsì wọn bá ṣí ní f kan náà fún àkókò kan náà, ìmọ́lẹ̀ tí àkọ́kọ́ ń gbà ju ìlọ́po méje ti èkejì lọ, ó sì tó ìlọ́po ọgbọ̀n ti ẹ̀kẹta. Àìtó ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń fa wínníwínní tó ń bo àwòrán alẹ́. Megapixel kò lè fi kún ìmọ́lẹ̀ náà, ńṣe ló kàn ń pín in sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á ní fóònù ti borí gbogbo ìyẹn, torí ó ń ya ọ̀pọ̀ àwòrán tẹ̀ léra, ó sì ń pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ilé àti igi. Ọmọ tó ń sáré lálẹ́ kì í dúró dè é. Bí ìṣirò nìkan bá tó ni, Xiaomi kì bá tí fi sẹ́ńsọ̀ oní-ínǹṣì-kan sínú fóònù 12S Ultra lọ́dún 2022, pẹ̀lú gbogbo àyè tó ń gbà. Sẹ́ńsọ̀ tó tóbi ń béèrè lẹ́ńsì tó jìnnà sí i, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fóònù náà fi wú.