Ẹ̀tọ́ Ìní Ilẹ̀ àti Aáwọ̀ Ààlà ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Àrámọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, pààlà pẹ̀lú ti Ìjerò àti ti Ẹ̀fọ̀n. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko níbẹ̀, odò, òkè àti igi pèrègún sì ni àwọn baba ńlá fi ń ṣe àmì ààlà.

Òfin Lílo Ilẹ̀

Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1978. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà fún ànfààní gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n ó dá ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ti ń lo ilẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà sí. Gómìnà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé C of O. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ni ní ẹ̀tọ́ ti ìṣẹ̀ǹbáyé lórí ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro.

Ààlà ìjọba yàtọ̀ sí ààlà ẹbí

Ààlà ìjọba ń fi hàn ìjọba tí ó ni àkóso níbẹ̀. Kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí oko ẹbí kan ní Àrámọkọ bá bọ́ sí agbègbè Ìjerò, ti ẹbí náà ni síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ààlà Ìpínlẹ̀, tí Igbákejì Gómìnà jẹ́ alága rẹ̀, ni ó ń bójú tó ààlà láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ Ààlà ti Orílẹ̀-Èdè ni ó ń dá sí ààlà Èkìtì àti Ọ̀ṣun.

Ẹ̀rí márùn-ún tí ilé-ẹjọ́ ń gbà

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là wọ́n sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976:

1. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, àti bí ó ṣe dé ọwọ́ olùpẹjọ́ láti ìran dé ìran.
2. Ìwé ìní tí ó pé.
3. Ìṣe onílẹ̀, bíi títa, fífi háyà tàbí dídáko fún ìgbà pípẹ́.
4. Lílo ilẹ̀ náà fún ọdún gbọọrọ.
5. Níní ilẹ̀ tí ó so mọ́ èyí tí a ń jà sí, ní ọ̀nà tí ó fi hàn pé ẹni kan náà ni ó ni méjèèjì.

Ọ̀kan péré tó bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ìtàn ìhà méjèèjì bá tako ara wọn, ilé-ẹjọ́ a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́: ta ni ó ń dáko, ta sì ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀?

Ìṣákọ́lẹ̀ àti títa ilẹ̀

Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti gbà pé ẹlòmíràn ni ó ni ilẹ̀. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ níbẹ̀ tó, kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin ọdún 1978 kò yí èyí padà.

Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé títà náà. Bí àwọn mìíràn bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá.

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀

- Ẹ má ṣe hú pèrègún tàbí òpó ààlà.
- Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ìhà méjèèjì rin ààlà náà pọ̀, kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ sì yà á sínú àwòrán.
- Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó ìṣákọ́lẹ̀.
- Bí ọba tàbí àwọn ìjòyè bá parí ìjà, ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí gbogbo ìhà fọwọ́ sí i.
- Bí kò bá yanjú, Kóòtù Ìbílẹ̀ lè gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni a ń gbé ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ tí Gómìnà fún ni lọ.

Àwọn àgbà tí ó mọ ààlà kò ní wà títí láé. Kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rin ín.