Ìjàpá Bàbá Àgbà àti Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Ní ilé wa ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Ní ọdún 2023, bàbá mi fẹ́ ra ọkọ̀. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti rí Corolla tòkunbọ̀ kan tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún ṣe sínú èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, pé àwọn yóò dúró díẹ̀ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye tó jẹ́. Dọ́là 1 tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ti lé ní náírà 1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Owó tí ì bá ra odidi ọkọ̀ kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Títí di òní, danfó ni bàbá mi ń wọ̀ ní Jákàńdè Gate.

Bàbá àgbà, tí wọ́n bí bàbá mi, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Wọ́n á ní, "Tí òjò bá ṣú, ṣé a máa ń da omi agbada nù ni?" Bàbá mi náà á fèsì pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí òwe bá ti di méjì báyìí, ìyá mi á tan tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè gbè lẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1975, nígbà tí irú ìbéèrè yìí kan náà délẹ̀ bá bàbá àgbà.

Ọdún tí owó pọ̀ nílùú ni ọdún náà. Owó epo rọ̀bì ti fò sókè láti ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Nígbà tí ìjọba gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà, wọ́n fi owó lé owó oṣù, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1974. Èyí ló fà á tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gba àjẹmọ́nú oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Owó Udoji ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn kan fi ra ẹ̀rọ amóhùntutù, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn mìíràn sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló kàn. Bàbá àgbà, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹjà, wà lára àwọn tó kẹ́yìn yìí. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń wọlé ni ọjà náà ń gbówó lórí. Ní ọdún yẹn nìkan, iye ọjà fi ohun tó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé sí i. Owó tó bá dúró sí báńkì ń yọ́ bí iyọ̀ ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 1975 kan náà, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná, àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí Ọ̀jọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni Beetle, èyí tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì.

Ìjàpá kì í ṣe ọmọ tuntun rárá. Láti àárín ọdún 1930 sí 1939 ni Ferdinand Porsche ti ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Kò ní réídíétọ̀, kò sì mu omi. Fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára kí ó má baà gbóná jù. Lọ́dún 1973 ni ilé iṣẹ́ kan náà gbé Passat jáde ní Jámánì, wọ́n sì gbé Golf jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1974. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà, omi ló sì ń tù wọ́n lára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1974, wọn kò ṣe Ìjàpá mọ́ ní Wolfsburg, ìlú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ̀ dó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ní Jámánì ń bá a lọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: kò tó oṣù mẹ́sàn-án tí Wolfsburg fi í sílẹ̀ tí Ọ̀jọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Bàbá àgbà ní ọ̀rẹ́ kan ní ọ́fíìsì tó mọ gbogbo èyí, torí pé ó fẹ́ràn láti máa ka ìwé ìròyìn ọkọ̀. Ó ní òun kò ní fi owó Udoji ra ohun tí àwọn tó ṣe é ti ń kọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun yóò dúró de ẹ́ńjìnnì olómi. N kò rí àṣìṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni bàbá àgbà lọ, ní Múṣin tí wọ́n ń gbé nígbà náà. Mẹkáníìkì náà sọ fún wọn pé bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíà, pé tí òun bá ti tú wọn, òun àti ọmọṣẹ́ òun lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Wọ́n wá bi í léèrè Passat. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí inú rẹ̀ rí. Bàbá àgbà ra Ìjàpá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe àwa tí owó ń ṣọ́n ní ìbéèrè yìí ń dà láàmú nìkan o. Ó ti dé bá àwọn olówó tí ń ra ọkọ̀ asáré, ìdílé Ìjàpá yìí kan náà ló sì ti wáyé. Lọ́dún 1948, Ferry, ọmọ Ferdinand Porsche, fi ẹ̀yà ara Ìjàpá ṣe ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń pè ní 356. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 911 dé, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 1963. Atẹ́gùn ló ń tu òun náà lára, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Nígbà tó di ọdún 1997, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe látòkè délẹ̀, wọ́n fi omi rọ́pò atẹ́gùn. Àwọn kan sáré ra èyí tó kẹ́yìn nínú ti àtijọ́. Àwọn kan dúró. Àwọn tó dúró gba ọkọ̀ tó dára, ṣùgbọ́n bèárìn kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tuntun náà tó jẹ́ pé, nínú àwọn kan, tó bá ti fọ́, gbogbo ẹ́ńjìnnì ló bá a lọ. Ọdún 2008 ni ẹ́ńjìnnì mìíràn jáde tí kò ní bèárìn yẹn mọ́. Lónìí, ti àtijọ́ tí atẹ́gùn ń tù wọ́n sábà ń wọ́n ju èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1997 lọ. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun ń dúró de ẹ́ńjìnnì tuntun, ohun tí mo máa ń fẹ́ bi í ni pé, tuntun ti ọdún wo?

Ìjàpá bàbá àgbà ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Lọ́dún 1977, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ìjọba ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba máa jáde ní ọjọ́ tirẹ̀, kí èyí tó ṣeé pín náà máa jáde ní ọjọ́ tirẹ̀ l'Ékòó. Ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́rọ̀ ta sí i ni pé wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Bàbá àgbà kò ní kejì, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ìjàpá yìí ló kó ẹrù ilé wọn dé Ìsọlọ̀ nígbà tí wọ́n rí ilé gbà ní estate yìí, ọ̀kan lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ nígbà tí wọ́n jẹ́ gómìnà, láti 1979 sí 1983. Gómìnà yẹn fúnra wọn, Toyota Crown tiwọn tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ìjọba. Bàbá àgbà fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́ èyí nígbà tí bàbá mi bá wà nítòsí.

Ọ̀rẹ́ wọn ra Passat nígbẹ̀yìn, ní ọdún 1979, ní iye tó jìnnà sí ohun tó ní lọ́kàn ní 1975. Ọkọ̀ náà sáré, ó sì tutù. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí náírà tó ti ń bá dọ́là dọ́gba tẹ́lẹ̀ ju mẹ́ta lọ fún dọ́là 1 kí ọdún tó parí, kò rówó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Ó gbé e sí ìta, koríko hù lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun, ti di orúkọ ọkọ̀.

Ibi tí èmi àti bàbá àgbà kò ti fẹnu kò ni pé ohun tó dára fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún Nàìjíríà. Ẹnì kan ṣoṣo lè ra ohun tó wà nílẹ̀ kí ó sì máa gùn ún lọ. Orílẹ̀-èdè tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Brazil náà gba Ìjàpá tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń rọ ẹ̀yà ara rẹ̀ nílé, wọ́n tiẹ̀ ti ara rẹ̀ ya ọkọ̀ tiwọn, Brasília, jáde ní 1973. Ọkọ̀ Brazil yìí ni Ọ̀jọ́ wá ń tò, tí wọ́n sọ ní Igala. Inú àpótí ni ẹ̀yà ara ti ń bọ̀, nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè sì gbẹ, àpótí kò wá mọ́. Peugeot 504 tó jáde ní Faransé ní 1968, tí wọ́n ò ṣe ọlọ́ńṣẹ́nu rẹ̀ mọ́ níbẹ̀ ní 1983, Kàdúná ṣì ń tò ó lẹ́yìn ọdún 2000. A kò dúró de tuntun, a kò sì kọ́ ti àtijọ́.

Mo rò pé mo ti parí àròkọ yìí, àfi ìgbà tí màmá àgbà pè mí sí ilé ìdáná. Wọ́n ní ohun kan wà tí ọkọ àwọn kì í sọ. Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 1980, ìrọbí mú wọn ní Múṣin. Ìjàpá gbé wọn dé ojú ọ̀nà Agége, bẹ́líìtì fáànù já. Ó ti gbó, bàbá àgbà sì ti ń sọ pé ó di ìparí oṣù kí àwọn tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí atẹ́gùn kò lè lọ jìnnà. Bàbá àgbà sáré padà lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ wọn ní àdúgbò kejì. Passat ló gbé màmá àgbà dé ilé ìwòsàn, kò sì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí wọ́n bí bàbá mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn ní pálọ̀. Bàbá mi kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Wọ́n wo bàbá wọn títí. Bàbá àgbà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní kí n tún un kọ dáadáa: bẹ́líìtì ló já, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.