Ìpolówó Sọ Yorùbá, Ìkìlọ̀ Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń mú owó jáde lápò ènìyàn, ọjà ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọjà Òfìkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Ẹlẹ́kọ ò ní sọ fún yín pé ẹ̀kọ òun ń ṣara lóore. Ohun tí á sọ ni pé ó gbóná. Ẹlẹ́lùbọ́ á ní tòun ò níyanrìn, pé bí ẹ bá rò ó, á fà. Ẹni tó ń ta òrí á ṣí igbá kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ohun tí ojú yín lè rí, tí ọwọ́ yín lè kàn, tí imú yín lè gbọ́, òun ni wọ́n ń pè. Bí irọ́ bá wọ̀ ọ́, ojú ẹsẹ̀ náà ló máa hàn.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ lè fèsì. "Ìyá, ẹ̀kọ yìí ti tutù." "Ẹ dín in kù." Ìyá á ní iye tóun rà á gan-an lẹ sọ yẹn, ẹ̀yin náà á ṣe bíi pé ẹ fẹ́ máa lọ, á pè yín padà. Létí tiwa, pípe olówó ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìpolówó. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ là ń pè, ẹni tí a bá sì pè, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

Nígbà tí rédíò dé, àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi orúkọ yẹn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Rediffusion, ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó láti 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Ibàdàn. Nígbà tí rédíò alábátìrì wá pọ̀, ó bá àwọn àgbẹ̀ dé oko. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọlọ́jà kan lè wọ inú yàrá yín, kó polówó tán, kó máa lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i dá lóhùn pé ọjà rẹ̀ ti tutù.

Àwọn tó ń kọ̀wé náà ní irú ìṣòro yìí, torí ìwé náà kì í gba èsì. Ẹ wo ohun tí D. O. Fágúnwà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Kò tíì sọ ìtàn kankan tó fi ń bá ẹni tó ń kàwé sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, tó ní òun ni onílù, àwọn òǹkàwé ni oníjó. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Bí ẹ bá ti gbà pé ijó ni ẹ ń jó, ẹ ti kópa nìyẹn, kò tún sí bí ẹ ṣe máa jókòó sẹ́yìn kí ẹ máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Àwọn onípolówó rédíò náà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Wọ́n á kọ orin kúkúrú, wọ́n á tún un kọ lẹ́ẹ̀méjì, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta àwọn ọmọdé ti ń bá wọn gbè é. Ẹni tó ń gbe orin kì í bá orin jiyàn.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba S. L. Akíntọ́lá gbọ́ bí eré náà ṣe ń bá wọn wí, wọ́n sì fi òfin dè é kó má ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Òfin yẹn wà nílẹ̀ títí di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba. Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dénú, ẹnu rẹ̀ dùn tó láti fi orin dá orin lóhùn. Àṣẹ ló wá fi dáhùn! Ògúndé ní tiẹ̀ kọ eré mìíràn, Òtítọ́ Korò. Nínú àwọn méjèèjì, òṣèré yẹn nìkan ló fèsì.

Èyí tó kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni tábà. Tábà kì í ṣe àjèjì lẹ́nu wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn ọkọ̀ òkun Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá ti ń fi ìkòkò mu ún, tí àwọn ìyá náà ń fín aáṣáà. (Ẹ ṣáà kíyè sí i pé mímu là ń mu sìgá lédè wa, bíi pé omi ni.) Ṣùgbọ́n tábà iléeṣẹ́ yàtọ̀. British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá l'Óṣogbo ní 1933, wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn ní 1937, ní 1951 ló di Nigerian Tobacco Company, NTC tí gbogbo ayé mọ̀. Ewé ni NTC ń wá, ilẹ̀ Òkè-Ògùn sì gba tábà, láti Ìsẹ́yìn lọ dé Ìgbòho àti agbègbè Ṣakí.

Bó ṣe ń lọ ni pé iléeṣẹ́ á fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, wọ́n á yọ owó wọn nígbà tí ewé bá dé orí òṣùwọ̀n. Láàárín ìgbà yẹn, iṣẹ́ ti wà. Àgbẹ̀ á já ewé, á so ó mọ́ igi, á kó o sínú ilé tábà, á máa dáná sí i lọ́sàn-án lóru fún ọjọ́ mélòó kan. Bí iná bá pọ̀ jù, ewé bàjẹ́. Bí ó bá kéré jù, ó bàjẹ́ bákan náà. Igi ọ̀dàn ló ń jóná sídìí ẹ̀, oje tábà á sì sọ ọwọ́ di dúdú tí ọṣẹ ò ní tètè bó o. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n á wá yẹ ewé náà wò, tí wọ́n á sọ ipele tó wà, ipele yẹn ló ń sọ iye owó. Àgbẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń ná iṣu títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà ná èyí? Ẹni kan ṣoṣo ló ń rà. Asọ̀rọ̀mágbèsì mìíràn nìyẹn, kò kàn ní bátìrì ni.

Ewé yìí kan náà ló wá ń padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí sìgá, pẹ̀lú orin. Ẹ fi ìpolówó sìgá wé ti ẹlẹ́kọ yẹn. Ìpolówó sìgá kì í sọ ohun tí ẹ lè kàn. Kò ní sọ pé èéfín ni, kò ní sọ bó ṣe ń rùn lára aṣọ. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa fi hàn, ọkọ̀ tó ń dán, ọ̀rẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọge lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀làjú ni wọ́n ń tà, sìgá kàn tẹ̀lé e ni. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, orúkọ sìgá ti wà lórí agbo orin gan-an, bí irú Golden Tones tí Benson & Hedges ń gbé kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orin wá síbẹ̀ nítorí olórin tó fẹ́ràn, ó bá orúkọ sìgá padà sílé. Ọwọ́ dúdú àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ò sí nínú àwòrán kankan.

Ní 1990 yẹn náà ni ìjọba ológun ṣe òfin lórí tábà, tí ìkìlọ̀ fi dé ara páálí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀kan lára irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń kìlọ̀ pé àwọn tó ń mu sìgá lè kú ní rèwerèwe. Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Orin tó ń pe ènìyàn wá mu sìgá lè sọ Yorùbá kó sọ Haúsá. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó dá a dúró ń sọ èdè agbẹjọ́rò. Bàbá tó ń gbin tábà tí ò kàwé, kí ló fẹ́ fi lẹ́tà wẹẹrẹ ìdí páálí ṣe?

Ká tiẹ̀ ní wọ́n tú u sí Yorùbá bó ṣe wà, a ò rò pé ì bá ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún àgbàlagbà pé, "Bàbá, ẹ máa kú ní rèwerèwe bí ẹ bá ń mu sìgá." Bàbá ò ní gbọ́ ìkìlọ̀ níbẹ̀, èpè ló máa gbọ́, á ní kó má jẹ̀ẹ́ ṣẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ á ṣe bíi ti ẹlẹ́kọ, á pe ohun tí ara mọ̀: ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ìyàwó ẹni sùn, àyà tó ń hán bí ẹni fọn fèrè, èémí tó ń tán kí a tó gun òkè dé ìdajì. Èdè yìí ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń wá olórin fún ìpolówó, ẹnì kankan ò fi irú ẹ̀ wá olórin fún ìkìlọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ gbọ́ àwọn alágbo tó ń gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀ wọ ìlú. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ̀yìn ń ro yín, ṣé ojú yín ń ṣú, ṣé ó ń rẹ̀ yín lówùúrọ̀? Ta ni kì í rẹ̀ nínú ẹni tó re oko? Bí wọ́n bá ti ka nǹkan bíi mẹ́wàá, kò sí bí ọ̀kan ò ní bá yín mu, ẹ̀yin fúnra yín ló sì dáhùn nínú ọkàn yín. Ìbéèrè wà, èsì wà, àmọ́ èsì yẹn ò dé etí ẹni tó ń tajà. Àwọn onítẹ́tẹ́ orí fóònù náà ti kọ́ ọ.

Ní 2015, òfin tuntun lórí tábà jáde ní Nàìjíríà. Ó fòfin de ìpolówó sìgá àti ṣíṣe onígbọ̀wọ́ agbo orin, ó sì ní kí wọ́n má tà á lọ́pàá kọ̀ọ̀kan mọ́. Ìlànà tó tẹ̀lé e ní 2019 ní kí àwòrán bá ìkìlọ̀ dé ara páálí. Àwòrán ò nílò ògbufọ̀, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ dé ibùdókọ̀ Òkè-Ògùn èyí tó bá wù yín, lọ́pàá kan ni ọ̀pọ̀ ṣì ń rà á. Oníbàárà á na owó, ìyá á fa ọ̀pá kan yọ, á na ìṣáná sí i. Páálí tí ìkìlọ̀ wà lára ẹ̀ ò kúrò lórí àtẹ.