Ọ̀wẹ̀, Túláàsì àti Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín ni ti iṣẹ́ ìsìn ìlú tí ọmọ ilé-ìwé ń ṣe láìgba owó. Ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, ni a ó ti wò ó, nítorí pé bí ibì kan bá wà tí ènìyàn ti lè mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ tí a fi ọkàn ṣe àti iṣẹ́ tí a fi ẹgba múni ṣe, ẹnu ààlà yìí ni.

Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe iṣẹ́ àjọṣe. Àáró ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹni tí kò bá san án padà kò ní rí ẹni bá a ṣe mọ́. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún, tí ó bẹ ojúlùmọ̀ àti ìbátan, tí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ọkọ ìyàwó a kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko àna. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń kọ ebè àti bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ẹni tí ó ṣe àáró ń retí àáró, ẹni tí ó sì lọ sí oko àna mọ ohun tí ó ń wá. Kí a ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò lè san án padà, tí a kò tilẹ̀ mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ mìíràn náà tó dé, túláàsì ti ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Kétu bọ́ sí abẹ́ Faransé. Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ Faransé, ọkùnrin tí ó bá ti bàlágà ní iye ọjọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì ń fi tipá mú ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá kọjá ààlà wá sí apá tiwa nítorí irú ìnilára bẹ́ẹ̀. Ọdún 1946 ni òfin Faransé tó fòpin sí iṣẹ́ túláàsì náà. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò mọ́: iṣẹ́ ọ̀nà tí a fi ipá múni ṣe wà lára ohun tí ó fa Ogun Àdùbí ní ọdún 1918 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó múlé tì wá. Nítorí náà, bí àgbàlagbà ẹnu ààlà bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kí ọmọ òun ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú, tí ó sì fajú ro, kí a má pè é ní ọ̀lẹ.

Ilé-ìwé náà tún dá kún un. Ní ilé-ìwé tí èmi lọ, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó bá pẹ́ dé tàbí tí ó pariwo ni wọ́n ń fún ní àdá kí ó lọ ṣán koríko. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi pé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́.

Ìdí nìyí tí n kì í fi gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ayétòrò ní ọdún 1963. Ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Yunifásítì Harvard, dá Comprehensive High School sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ọ̀pọ̀ girama ìgbà náà ń mú ọmọ sílẹ̀ fún. Ní Ayétòrò, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin àti ìtọ́jú ilé jókòó pọ̀ pẹ̀lú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lórí àtẹ ẹ̀kọ́ kan náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ, tí àwọn ọmọ ń pè ní Social Studies, ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn girama wa. Àdá kúrò ní ọ̀pá ìjìyà, ó di ohun èlò ẹ̀kọ́. Ìlú fúnra rẹ̀ sì di ohun tí a ń kọ́. Ọmọ tí ó bá sì ti mọ ibi tí omi ìlú ti ń wá, kò ní bèèrè ìdí tí a fi ní kí ó wá tún ọ̀nà odò ṣe.

Àwọn kan yóò ní Táí Ṣólàrín ti ṣe é ṣáájú ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́, láti ọdún 1956. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni òpó ilé-ìwé náà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí Ìkẹ́nnẹ́ fi kọ́ni jù lọ ni kí ọmọ lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Iyì ńlá ni, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ọmọ mọ ìlú tí ó ń sìn.

Ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí, ọdún 1973, ìjọba Gowon ṣe òfin tí ó dá ètò àwọn àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó tako òfin náà nígbà náà. N kò dá wọn lẹ́bi: ohun tí òfin bá fi dandan lé jọ túláàsì lójú ẹni tí a ń fi í dè. Síbẹ̀, àìmọye ọmọ ìgbèríko ni kì bá tí rí olùkọ́ ìṣirò bí kò bá sí àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sì jẹ́ ojúṣe wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àléébù tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti gboyè tán ni a ń rán jáde. Ìsìn náà wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Kò sí nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ Ayétòrò wà lára ohun tí ó bí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ti wọ ilé-ìwé gbogbo báyìí. Nínú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há a sórí fún ìdánwò. Àdá sì ti padà sọ́wọ́ àwọn tí ó pẹ́ dé.